Nímọ́tà Kọ́ Asáré ní Ìkúnlẹ̀

Ọdún mẹ́fà ni èmi àti Nímọ́tà ti jọ ń gbé yàrá kan ní Al Nahda, ní apá ti Sharjah, mi ò sì tíì rí oṣù kan tó lọ tán láìjẹ́ pé ó bá ẹnì kan jà lórí ìkíni. Ẹni tó bá wọ lífíìtì bá a tí kò kí i, wàhálà ti dé nìyẹn. Ó ti bá ará Íńdíà jà, ó ti bá ará Íjíbítì jà, ó bá ọmọ Nàìjíríà kan ní àjà kẹsàn-án jà débi pé àtẹ̀gùn ni ọmọ náà ń gùn báyìí. "Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Yorùbá ló fi ń bi gbogbo wọn. Ó ní wọ́n gbọ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n dáhùn.

Èmi ni Dúpẹ́olúwa. Deira ní Dubai ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń di ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó. Mò ń to ẹrù sínú páálí, mò ń fi téèpù dè é, mò ń kọ orúkọ sí i lára. Ẹnu mi mú, mo mọ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi. Ṣùgbọ́n Nímọ́tà fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, nítorí náà tó bá ti sọ̀rọ̀, màá pa ẹnu mọ́, màá wá máa kùn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Mirdif ni Nímọ́tà ti ń tọ́jú ọmọ. Ọmọ Lárúbáwá ni o, ọmọ òyìnbó ni o, kò sí èyí tí kò kọ́ láti máa fi ọwọ́ ọ̀tún gba bisikíìtì. Àwọn òbí Lárúbáwá fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú, nítorí lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yìí, ohùn tiwa àti tiwọn ṣọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ má lọ bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ó ní Kàfáyàt.

Mùráínà, àbúrò Nímọ́tà, ló bí Kàfáyàt. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí Mùráínà kú, Nímọ́tà sì gbà á tọ́. Kódà nígbà tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Èkó tó wá síbí, orí fóònù ló ti ń kọ́ ọ. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Tí ọmọ bá ti ní "Ẹ káàárọ̀ o, Mọ̀mí," Nímọ́tà á ní kó yí kámẹ́rà sísàlẹ̀ kí òun rí orúnkún rẹ̀. Bí orúnkún kò bá sí nílẹ̀, kò ní dáhùn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, yunifásítì kan ní Sharjah gba Kàfáyàt nítorí eré sísá. Wọ́n rí i níbi ìdíje kan, wọ́n ní kó wá kàwé, kó máa sá eré fún àwọn. Ọ̀dọ̀ wa ló dé sí. Ìwé rẹ̀, físà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ asáré, ìwé parí, físà parí, ó di Èkó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sọ ọ́ síta.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ó ti ilé ìwé dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kóòṣì ti fi òun sí ìkẹyìn nínú eré ọ̀pá, èyí tí ẹni mẹ́rin máa ń sá, tí ẹnìkan á gbé ọ̀pá fún ẹnìkejì. Ìdíje gbogbo yunifásítì ilẹ̀ Emirates ń bọ̀ ní oṣù kẹta, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti máa sá a. Ó ní òun gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ òsì gba ọ̀pá láti ìsinsìnyí lọ.

Nímọ́tà ń ká aṣọ. Ó dáwọ́ dúró. "Ọwọ́ wo?"

"Ọwọ́ òsì, Mọ̀mí. Ẹni tó ń bọ̀ á fi ọ̀tún gbé e wá, èmi á fi òsì gbà á, màá wá pààrọ̀ ọwọ́ tí mo bá ti gbéra. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ta ló máa gbé e fún ẹ?"

"Hala ni. Ọmọ Sudan yẹn. Ọdún ìkẹyìn ló wà."

"Ó jù ẹ́ lọ?"

"Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, Mọ̀mí."

"O wá fẹ́ fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó fi ọdún mẹ́ta jù ẹ́ lọ, lójú gbogbo èrò. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìwọ fẹ́ fi gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á bèèrè ta ló kọ́ ẹ. Wọ́n á ní Nímọ́tà ni."

Wọ́n fà á títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tó yá, Nímọ́tà gbà pé bí kóòṣì bá ti kọ̀ jálẹ̀, kò burú, kó fi òsì gbà á. Ṣùgbọ́n kó máa tẹ orúnkún. Díẹ̀ péré. Kí ẹni tó ń fún un mọ̀ pé ojú ọmọ náà wà nílẹ̀. Kàfáyàt wò mí. Mo gbójú kúrò.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀nà tóóró tó wà níwájú àwọn yàrá, Nímọ́tà á di ìró mọ́ ìdí, á mú ọ̀pá lọ́wọ́, á sáré bọ̀ láti ẹnu lífíìtì. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Èmi ni mo bá wọn wá ọ̀pá, kí n má purọ́. Páálí róbótó tó máa ń wà láàárín ọ̀rá ìdìkẹ́rù ni, mo gé e, mo gbé e wálé láti Deira. Nímọ́tà á sáré dé, á na ọ̀pá, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí orúnkún ọmọ bá tẹ̀. "Ọmọ dáadáa," á wí, á wá fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko. Mò ń jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń jẹ ẹ̀pà, mò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè irú ẹ̀ka tí à ń gé.

Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje bẹ̀rẹ̀, ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Dubai. Èmi ò rí eré sísá lábẹ́ òrùlé rí. Mo rò pé wọ́n á kàn máa sá láàárín àga ni. Mo wọlé, ẹnu mi là. Ojú ọ̀nà eré náà yí po, ó pupa, ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà ga ní ẹ̀gbẹ́ kan bí etí àwo, tí àwọn ọmọ náà fi ń sá ní ìdagẹ̀rẹ̀ tí wọn ò sì ṣubú. Abẹ́ rẹ̀, pákó ni. Tí wọ́n bá ń kọjá, gbì-gbì-gbì, wàá gbọ́ ọ nínú egungun àyà rẹ. Ìbọn dún, mo fò. Ní àárín, àwọn kan ń fo gíga, àwọn kan ń ju irin, ẹnikẹ́ni kò dúró de ẹnikẹ́ni. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n ń pariwo títí etí mi fi ń ho. Ara mi yá gágá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo fún àwọn tí mi ò mọ̀.

Eré ọ̀pá ti àwọn obìnrin kàn. Ìpele àkọ́kọ́ ni, ẹgbẹ́ mẹ́fà ló máa sá àṣekágbá lọ́jọ́ kejì. Hala gbé ọ̀pá bọ̀, òun ló ṣíwájú gbogbo wọn. Mo dìde. Kàfáyàt na ọwọ́ òsì sẹ́yìn dáadáa. Hala dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọ̀pá. Ọmọ wa tẹ orúnkún.

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó tẹ orúnkún, ó tẹrí ba díẹ̀, ó gba ọ̀pá, ó wá gbéra. Àwọn méjì ti kọjá lára rẹ̀. Hala tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà níwájú wa bú sẹ́rìn-ín. Kàfáyàt sá a bí ẹni tí ejò ń lé, ipò kẹta ló ṣe, àkókò wọn ló gbà wọ́n là tí wọ́n fi jẹ́ ẹgbẹ́ kẹfà, èyí tó kẹ́yìn pátápátá.

Mo wo Nímọ́tà. Kò wò mí.

A sọ̀kalẹ̀ lọ síbi irin tí wọ́n fi dá èrò dúró. Kóòṣì wà níbẹ̀, ọkùnrin Mòrókò kan tó ní irùngbọ̀n funfun. Ó ń bi Kàfáyàt pé kí ni nǹkan tó ṣe yẹn. Ọmọ náà ò lè purọ́. Ó ní níbi ìdánrawò, òun máa ń rántí mú orúnkún le, ṣùgbọ́n lónìí, láàárín ariwo, ó tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀wọ̀ ni, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn, ó wá wo ọ̀dọ̀ wa. Kóòṣì náà wo ọ̀dọ̀ wa. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Mọ̀mí," ló pe Nímọ́tà, kò pè é ní Madam. Ó ní òun náà ní ìyá nílé, òun máa ń fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ lárààárọ̀ tí òun bá lọ kí i. Ó ní ṣùgbọ́n ìyá òun kì í sá eré. Ó ní lọ́la, kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, òun á ní kí Hala fún Kàfáyàt ní ọ̀pá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí orúnkún rẹ̀ bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ mìíràn á sá a, òun ò sì ní kọ orúkọ Kàfáyàt sínú ẹgbẹ́ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní òun ò bínú. Khalas, ọ̀rọ̀ parí.

Bọ́ọ̀sì gbé wa padà sí Sharjah. A wọlé. Nímọ́tà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú híjáàbù rẹ̀, ó ká a, ó tún un ká.

"Ohun tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́," ló wí, "wọ́n ní kí n wó o ní ìrọ̀lẹ́ kan. Mi ò lè ṣe é. Kì í ṣe èmi ni màá kọ́ ọmọ Mùráínà ní ìwàkiwà. Kí wọ́n mú ẹlòmíràn."

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kùn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí, ti ọmọ ni àbí tiyín? Ṣé kó lè dáa fún un ni, àbí kí wọ́n lè máa sọ pé Nímọ́tà mọ ọmọ tọ́? Tí wọ́n bá dá a padà sí Èkó, orúnkún yẹn náà ló máa bá lọ. Ta ló máa jókòó tì í níbẹ̀ láti máa yìn ín?"

Kàfáyàt bo ojú. Nímọ́tà dìde, mo sì mọ̀ pé etí mi á gba ìgbátí, mo tiẹ̀ ti gbé e sílẹ̀ dè é. Ó kọjá lára mi. Ó mú ọ̀pá páálí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ jáde," ló wí.

A jáde. Ó sáré bọ̀ láti ẹnu lífíìtì, ó na ọ̀pá, Kàfáyàt tẹ orúnkún. Wọ́n tún un ṣe, ó tẹ orúnkún. "Má tẹ orúnkún." "Mo gbọ́, Mọ̀mí." Ó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà méjìlá ni mo kà. Mo gba ọ̀pá, mo ní kí n gbìyànjú, ó tẹ orúnkún fún èmi náà. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe é," ló wí. "Kí n tó rò ó, ó ti tẹ̀. Mo bá ti rí ojú àgbà, ó ti tẹ̀ nìyẹn."

Nímọ́tà padà lọ sẹ́nu lífíìtì. Ó dúró síbẹ̀, ó kẹ́yìn sí wa. Ó wá yíjú, ó sáré bọ̀. Nígbà tó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Nímọ́tà ni o. Ó gbé ọ̀pá sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, orúnkún rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, níwájú ọmọ tó tọ́ dàgbà.

Kàfáyàt dúró bí igi. Kò mọ ohun tó máa ṣe. Orúnkún Nímọ́tà kan táìlì, ó dún, èmi tí mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ́ ọ.

"Mọ̀mí, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mò ń kúnlẹ̀ fún ẹ ni," ni Nímọ́tà wí. Ó di ògiri mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Báyìí ni màá ṣe máa gbé e wá. Tó o bá tètè gbà á, mi ò ní kan ilẹ̀. Tó o bá pẹ́, màá kan ilẹ̀, ọrùn ẹ ló sì wà."

Mo fẹ́ sọ pé ó tó, ẹ̀gbọ́n, orúnkún yín yẹn ti ń dùn yín láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ẹnu wo ni mo tún fẹ́ là? Ó sáré bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń kúnlẹ̀ bọ̀. Kàfáyàt fò síwájú, ó já ọ̀pá gbà, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ògiri lápá kejì. Orúnkún Nímọ́tà kò dé ilẹ̀.

"Ó yá," ni Nímọ́tà wí. "Yalla. Gbé e wá."

Wọ́n ń bá a lọ. Ọkùnrin Íńdíà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ṣílẹ̀kùn, kọ́ọ̀bù tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìyá tó ń sáré kúnlẹ̀ fún ọmọ, ó wo mí, ó rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Orúnkún Nímọ́tà kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ìgbà keje. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kàn án mọ́. Ọmọ náà ń dúró gbọn-in, ó ń na ọwọ́ òsì, ó ń já a gbà, ó ń lọ. Ní ìgbà ogún, Nímọ́tà ní ó tó. Mo fi omi gbígbóná tẹ orúnkún rẹ̀. Kò sọ fún mi pé o ṣeun, kò sì bá mi jà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ti wà níbi irin náà kí wọ́n tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Kóòṣì ká ọwọ́ mọ́ àyà. Hala gbé ọ̀pá bọ̀. Kàfáyàt já a gbà, orúnkún dúró. Ẹ̀ẹ̀kejì, orúnkún dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Nímọ́tà di ọrùn ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé. Orúnkún dúró. Kóòṣì tú ọwọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí wa, ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀. Nímọ́tà mí.

Eré wá bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́fà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á yí i po lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ọ̀pá fún èkejì. Ẹni àkọ́kọ́ wa ṣe ipò karùn-ún. Ẹnìkejì kò lé ẹnikẹ́ni bá. Mo ti ń pe Jésù, Nímọ́tà ń ka adúà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ò dí ara wa lọ́wọ́. Hala gbà á, ó ré ẹnì kan kọjá, ó di ẹnì kẹrin. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọrùn rẹ̀ ti wọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Kàfáyàt bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Mi ò rí ọ̀pá náà. Mo kàn rí i pé ọwọ́ Hala ti ṣófo, Kàfáyàt kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ó ré ẹnì kẹta kọjá kí wọ́n tó dé kọ́nà àkọ́kọ́. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan, aago ìkẹyìn dún. Àwọn méjì ló kù níwájú, ọmọ kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti èkejì tó wọ aláwọ̀ pupa. "Ọmọ Mùráínà," ni Nímọ́tà ń pè, ohùn rẹ̀ ti há, "ọmọ Mùráínà, má wẹ̀yìn." Kàfáyàt gun orí ìdagẹ̀rẹ̀ kọ́nà lọ sókè, ó ti òkè já wálẹ̀, ó ré ọmọ aláwọ̀ ewé kọjá. Mo gun orí irin. Ẹ̀ṣọ́ kan ní kí n sọ̀kalẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Òun àti ọmọ aláwọ̀ pupa jọ na àyà síbi ìlà. A ò mọ ẹni tó wọlé. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo pátákó iná tó wà lókè.

Ọmọ aláwọ̀ pupa ni. Àyà rẹ̀ ló fi ṣíwájú. Ipò kejì ni tiwa, fàdákà, ẹgbẹ́ tó fi ipò kẹfà wọlé. Kóòṣì fò mọ́ Hala. Ó wá di Kàfáyàt léjìká mú, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ọmọ náà ń mi orí, ó ń mi orí. Ó yípadà, ó ń wá wa kiri láàárín èrò.

"Mọ̀mí, ó ní èmi náà ni màá parí ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀," ló ń sọ bọ̀, òógùn bò ó. Ó dé ibi irin. Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, bó ṣe máa ń lọ tó bá ti dé iwájú wa.

Nímọ́tà na ọwọ́ méjèèjì kọjá irin, ó kì wọ́n bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó gbé e dúró.

"Má kúnlẹ̀," ló wí. "Dúró. Dúró bẹ́ẹ̀ kí n wò ẹ́."

Ọmọ náà dúró. Ọdún méjì tó ti wà lọ́dọ̀ wa, mi ò mọ̀ pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. Nímọ́tà ní láti gbé ojú sókè kó tó rí ojú rẹ̀, ó sì gbé e sókè, ó ń wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.